Bí Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì Lókè Òkun Ṣe Lè Gba Ìwé-Àṣẹ Ìkọ́ni Láì Fiṣẹ́ Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lókè òkun ló wọ iṣẹ́ náà pẹ̀lú dígírì àkọ́kọ́ àti sátífíkéètì TEFL, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ kúkúrú lórí bí a ṣe ń kọ́ elédè mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn tó láti fi bẹ̀rẹ̀. JET, ètò tí ìjọba Japan fi ń kó olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ wọn láti ọdún 1987, kì í béèrè ìwé-àṣẹ olùkọ́. Dígírì ni wọ́n ń wò. Àmọ́ nígbà tó bá yá, ẹni náà á rí i pé owó oṣù ò kúrò lójú kan, pé àdéhùn ọdún kọ̀ọ̀kan lòun ń tọwọ́ bọ̀ ṣáá, àti pé ilé ẹ̀kọ́ àgbáyé tó wà nígboro kan náà kì í tilẹ̀ dá òun lóhùn tóun bá kọ̀wé ìwáṣẹ́ sí wọn. Ìwé-àṣẹ ni wọ́n ń wá.

Ẹ má ṣe da TEFL pọ̀ mọ́ ìwé-àṣẹ. CELTA ti Yunifásítì Cambridge, tó wà lára èyí tó níyì jù nínú irú sátífíkéètì bẹ́ẹ̀, jẹ́ ẹ̀kọ́ wákàtí 120, pẹ̀lú wákàtí 6 tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dúró níwájú kíláàsì gidi. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, ẹni tó bá ṣe é á mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ẹnikẹ́ni di olùkọ́ tí ìjọba mọ̀. Ìwé-àṣẹ ni ìjọba, tàbí ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, fi ń jẹ́rìí pé ẹni yìí kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó ṣe ìdánrawò lójú ẹni tó mọ iṣẹ́, ọlọ́pàá ò sì ní ẹ̀sùn kankan sí i lọ́rùn. Ètò TFETP ní Taiwan, tó ń mú olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti òkèèrè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe olùkọ́ gidi, tí kì í ṣe olùrànlọ́wọ́. EPIK, ètò tí ìjọba South Korea fi ń gba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti òkèèrè sí ilé ẹ̀kọ́ wọn, kò sọ ọ́ di dandan, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹni tó ní in sí ipele owó oṣù tó ga ju ti ẹni tí kò ní lọ.

Ìwé-àṣẹ náà ṣeé gbà láì fi iṣẹ́ sílẹ̀ àti láì padà sílé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó ka ìyókù ni pé, bí ìrìn àjò yìí bá máa dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà, ìdánwò kọ́ ló sábà máa ń dá a dúró. Kíláàsì tí ẹ ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí ni. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ kejì fi gùn ju gbogbo ìyókù lọ.

1. Ẹ mọ ibi tí ẹ ti fẹ́ lo ìwé náà

Kò sí ìwé-àṣẹ àgbáyé. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní tirẹ̀, Washington D.C. náà sì ní tirẹ̀ lábẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní OSSE. Ní England, QTS ni orúkọ rẹ̀. Scotland tí wọ́n jọ wà lábẹ́ ọba kan náà ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, GTCS. Thailand ní Khurusapha, ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ ibẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ẹ̀kọ́, ẹ wá ìpolówó iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jẹ́ irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́dún mẹ́ta sí i. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń tẹ̀ lé ètò ẹ̀kọ́ England á fẹ́ QTS. Èyí tó ń tẹ̀ lé ti Amẹ́ríkà á fẹ́ ìwé ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀. Èyí tó ń lo IB, ètò ẹ̀kọ́ àgbáyé tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kan, sábà máa ń gba méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé Thailand lẹ fẹ́ fi ṣe ibùgbé, tí ẹ ò sì ní í lọ síbòmíì, Khurusapha ni kí ẹ dojú kọ, nítorí àyè ráńpẹ́ ọdún méjì-méjì tí wọ́n ń fún olùkọ́ tí kò tíì níwèé kò ní máa bá a lọ títí ayé.

Ẹ tún wo ohun tí ìwé-àṣẹ kò lè ṣe. Físà E-2 tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń lò ní Korea wà ní pàtàkì fún ọmọ orílẹ̀-èdè méje: Amẹ́ríkà, Britain, Canada, Ireland, Australia, New Zealand àti South Africa. Ìwé-àṣẹ nìkan kì í ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò sí lára wọn. Ẹni tó bá mọ èyí ṣáájú kò ní náwó sí ibi tí owó ò ti lè ṣiṣẹ́.

2. Ẹ yẹ kíláàsì yín wò kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni

Gbogbo ọ̀nà tó ń yọrí sí ìwé-àṣẹ tó ní láárí ló ní ìdánrawò nínú, ìdánrawò ọ̀hún sì ní òfin tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilé ìwé, láti jẹ́léósinmi títí dé ìparí sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ̀yin gan-an lẹ gbọ́dọ̀ máa darí ẹ̀kọ́. Kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ mìíràn, kí ẹ máa pe ọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọ máa gbè é, ìyẹn ò tó. Olùkọ́ kan tó níwèé, tó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí a ó máa pè ní amọ̀nà, gbọ́dọ̀ máa wá jókòó wò yín, kó máa kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó sì bá yín jíròrò lé e.

Ẹ wá fi èyí wo ibi tí ẹ wà. Hagwon ní Korea, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ àfikún tí àwọn ọmọ ń lọ nígbà tí ilé ìwé bá ti jáde, kò jẹ́ ilé ìwé lójú ọ̀pọ̀ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, bó ti wù kí kíláàsì ibẹ̀ kún tó. Eikaiwa ní Japan, níbi tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti ń wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́, jìnnà sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kọ́ àgbàlagbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí bó ṣe lè ka wákàtí náà mọ́ ìdánrawò. Olùrànlọ́wọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba sàn díẹ̀, torí ilé ìwé gidi ló wà. Ohun tó kù fún un ni kó bá olùkọ́ tó ni kíláàsì sọ̀rọ̀ kó lè gba àkókò ẹ̀kọ́ kan sọ́wọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí nǹkan rọrùn fún jù ni ẹni tó wà nílé ẹ̀kọ́ aládàáni elédè méjì tàbí ilé ẹ̀kọ́ àgbáyé kékeré, tó ní kíláàsì tirẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán.

Ẹ má gba "ó yẹ kó ṣeé ṣe" lẹ́nu ẹni tó ń ta ẹ̀kọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń gbani wọlé, kí ẹ ṣàlàyé irú ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ wà, ọjọ́ orí àwọn ọmọ, iye wákàtí tí ẹ ń kọ́ lọ́sẹ̀, àti ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ yín. Kí ẹ wá béèrè nǹkan mẹ́rin. Ṣé ibi tí mo wà yìí yẹ fún ìdánrawò yín? Irú ìwé wo ni amọ̀nà mi gbọ́dọ̀ ní, ṣé ìwé-àṣẹ orílẹ̀-èdè tí mò ń gbé tó, àbí ti orílẹ̀-èdè yín ni dandan? Bí ibí yìí ò bá yẹ, ṣé ẹ máa bá mi wá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, àbí èmi ni mo máa wá a? Ṣé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ bá èyí tí ìwé-àṣẹ mi máa dá lé mu? Ẹ tọ́jú èsì wọn síbi tí kò ní sọnù. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí nígbà tí òṣìṣẹ́ tó bá yín sọ ọ́ bá ti kúrò níbi iṣẹ́.

Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí létí lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò sí ẹni tó lè mọ̀nà fún àwọn torí kò sí òyìnbó tó níwèé nílé ẹ̀kọ́ wọn. Àmọ́ olùkọ́ ọmọ ìlú tó wà ní kíláàsì kejì lè jẹ́ ẹni tó ní ìwé-àṣẹ ìjọba tirẹ̀, tó sì ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ètò kan gba irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwọn kan ò gbà á. Ẹ béèrè.

Bí kíláàsì yín ò bá yẹ, ọ̀nà mẹ́ta ló kù. Ẹ lè dúró kí àdéhùn yín parí, kí ẹ wá iṣẹ́ sí ilé ìwé tó yẹ ní orílẹ̀-èdè kan náà, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Lójú tèmi, èyí ló dára jù fún ẹni tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àfikún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jẹ oṣù mélòó kan. Ẹ sì lè wá ilé ìwé mìíràn tó máa gbà yín fún ìdánrawò nìkan, ní àárọ̀, kí ẹ máa lọ sí iṣẹ́ yín nírọ̀lẹ́. Ìkọ́ni ìrọ̀lẹ́ ní àǹfààní yìí tí ti àárọ̀ kò ní. Tàbí kí ẹ ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ níbi tí ẹ wà, kí ẹ wá rìnrìn àjò lọ ṣe ìdánrawò nígbà tó bá ku ìyẹn nìkan.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà kejì yìí, kó kọ́kọ́ lọ ka físà rẹ̀. E-2 ti Korea so mọ́ ilé iṣẹ́ tó mú yín wá, ẹ sì nílò ìyọ̀ǹda àwọn aṣọ́bodè kí ẹ tó lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Kí ẹ sọ pé ẹ ò gbowó níbẹ̀ lè má tó láti gbà yín sílẹ̀. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì wọn, kí ẹ sì ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà fún yín.

Kàlẹ́ńdà tún wà níbẹ̀. Ọdún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ní Korea, ní oṣù kẹrin ní Japan, nígbà tí ti Amẹ́ríkà àti England bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ tàbí ní oṣù kẹsàn-án. Ètò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà lè fi ọ̀sẹ̀ ìdánrawò yín sáàárín ìsinmi àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó yan oṣù tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀.

3. Ẹ yan ọ̀nà

Fún ẹni tó bá fẹ́ ìwé Amẹ́ríkà, ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ òkèèrè mọ̀ jù ni Moreland University, tí orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ TEACH-NOW. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án ni, ó sì ní ọ̀sẹ̀ 12 ìdánrawò nínú kíláàsì. Washington D.C. ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń gbàwé, torí ibẹ̀ ò sọ pé kí èèyàn máa gbé ìlú náà kó tó lè gba tiwọn. Àwọn yunifásítì mìíràn náà wà tó ní ẹ̀kọ́ olùkọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tí ẹ máa fi yẹ èyíkéyìí wò ni èyí: ẹ lọ sí ojú ewé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ tí ẹ fẹ́, kí ẹ wo àkójọ àwọn ètò tí ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí. Bí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Kí wọ́n kọ "ìjọba fọwọ́ sí i" gàdàgbà sára ìpolówó kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ní ti England, ọ̀nà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú wa ni iQTS, tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò ní ọdún ẹ̀kọ́ 2022 sí 2023. Àwọn tó ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní England, tí ìjọba ibẹ̀ ti yẹ̀ wò, ló ń ṣe é, ẹ sì lè parí rẹ̀ láìfẹsẹ̀ kan England. Òfin wọn ka iQTS sí ẹgbẹ́ QTS. Wọ́n ń béèrè dígírì, pẹ̀lú èsì Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò tó bá ìpele 4 nínú GCSE, ìdánwò sẹ́kọ́ńdìrì wọn, dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á fi sáyẹ́ǹsì kún un. Ìṣirò yìí ti dá ọ̀pọ̀ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì padà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ẹ wá èsì sẹ́kọ́ńdìrì yín jáde lónìí.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jù ni PGCEi. Orúkọ rẹ̀ jọ PGCE, ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn dígírì ní England; yunifásítì ńlá ló ń ṣe é, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fúnni ní QTS. Ilé ẹ̀kọ́ àgbáyé kan lè gbà á, òmíràn ò ní gbà á, ọ́fíìsì físà lè kọ̀ ọ́ pátápátá. Ẹni tó fẹ́ ìmọ̀ lè ṣe é tayọ̀tayọ̀. Ẹni tó ń wá ìwé-àṣẹ ò tíì débẹ̀.

Ẹni tó ti jẹ́ olùkọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀ kó tó lọ sókè òkun wà ní ipò mìíràn. Kò pọn dandan kó tún bẹ̀rẹ̀ látorí a-b-d. Láti oṣù kejì ọdún 2023 ni England ti ní ètò tí olùkọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè fi ń béèrè fún QTS lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi àwọn orílẹ̀-èdè bíi Ghana, India, Jamaica, Nigeria, South Africa àti Zimbabwe kún àwọn tó lè lò ó. Àmọ́ ẹ ka ìlà kékeré ibẹ̀: fún àwọn orílẹ̀-èdè tí mo kà yìí, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè òkèèrè ni wọ́n ṣí i fún. Gẹ̀ẹ́sì ò sí níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ Faransé tàbí físíìsì ní yunifásítì, tó wá ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, lè ní ohun tó máa fi wọlé láìmọ̀.

Ẹ̀ka tí ẹ máa gba ìwé lé lórí náà gba àròjinlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ ló jọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, àfikún ló jẹ́: ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ẹ̀ka mìíràn kí wọ́n tó fi kún un. Ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ púpọ̀ nílé ẹ̀kọ́ àgbáyé, torí gbogbo ilé ìwé ló ń wá olùkọ́ kíláàsì. Bí ọmọ kékeré bá bá yín lára mu, mo máa ní kí ẹ ronú sí i.

4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀

Ìwé ló máa ń pẹ́, ìwé kì í sì í yára torí pé ẹ ń kánjú. Ẹ ní kí yunifásítì yín fi èsì ìdánwò ọdún gbogbo ránṣẹ́ tààrà sí ẹni tó béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ò ní gba èyí tó bá ti ọwọ́ yín kọjá. Bí dígírì yín kò bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, tí ibẹ̀ lẹ sì ń lọ, ẹ máa nílò ilé iṣẹ́ tó ń wo bí dígírì òkèèrè ṣe rí sí tiwọn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ NACES, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, bíi WES, ni àwọn ìpínlẹ̀ sábà máa ń gbà. Ẹ ní kí wọ́n ṣe èyí tó ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yọ lẹ́yọ, torí èyí tó kàn sọ pé "dígírì ni" kì í tó fún ọ́fíìsì ìwé-àṣẹ.

Ìwé ọlọ́pàá tẹ̀ lé e. Wọ́n máa ń béèrè èyí tó wá láti gbogbo ibi tí ẹ ti gbé pẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kúrò ní orílẹ̀-èdè kan, ẹ gba tibẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, torí àtigbà á láti ọ̀nà jíjìn lè gba oṣù. Ẹni tó ti gbé ní Britain lè gba ICPC, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọmọdé ní òkèèrè. Ti Amẹ́ríkà, FBI ló ń ṣe é: dọ́là 18 ni, ìtẹ̀ka lórí káàdì FD-258 ni wọ́n sì ń lò. Ẹ lè tẹ káàdì náà jáde fúnra yín, kí ẹ mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá níbi tí ẹ ń gbé kí wọ́n bá yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ káàdì méjì. Bí ìtẹ̀ka ara ọ̀kan kò bá hàn dáadáa tí wọn ò lè kà á, èkejì á wà nílẹ̀.

Ìwé tó bá máa sọdá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn lè nílò apostille, òǹtẹ̀ tó ń jẹ́rìí pé ìwé náà kì í ṣe ayédèrú, èyí tó ti inú àdéhùn Hague ti ọdún 1961 wá. Láti ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni China náà ti ń gbà á, èyí sì gba àwọn olùkọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́ ìrìn àjò sí ẹ́ḿbásì. Bí orílẹ̀-èdè tí ìwé ti wá tàbí èyí tó ń lọ kò bá sí nínú àdéhùn náà, ẹ́ḿbásì lẹ máa gbà.

Ẹ wo orúkọ yín lára gbogbo ìwé. Kó jẹ́ bó ṣe wà lára ìwé ìrìnnà gẹ́lẹ́ ni kó wà níbi gbogbo. Obìnrin tó ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó kó fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó sára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má dúró kí wọ́n tó béèrè.

5. Ìdánwò

Apá yìí ló ń ba èèyàn lẹ́rù jù, òun ló sì rọrùn jù láti múra sílẹ̀ fún. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, àti D.C., ń lo ìdánwò olùkọ́ tó ń jẹ́ Praxis, tí ilé iṣẹ́ ETS ń ṣe. Nọ́ńbà 5362 ni ti Gẹ̀ẹ́sì fún elédè mìíràn, 5038 ni ti Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́kọ́ńdìrì, 5001 sì ni ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Máàkì tí ìpínlẹ̀ kan fi ń gbani lè yàtọ̀ sí ti èkejì lórí ìdánwò kan náà. Ìpínlẹ̀ bíi Texas àti Florida ní ìdánwò tiwọn.

Púpọ̀ nínú Praxis ló ṣeé ṣe láti ilé. Ẹ nílò kọ̀ǹpútà tó ní kámẹ́rà, yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì tí kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀, tábìlì tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já. Ẹ má lo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́. Ètò ààbò tí wọ́n fi sínú rẹ̀ lè má jẹ́ kí ti ìdánwò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, ẹ yan ìpínlẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí, torí àtifi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà á gba owó mìíràn. Fún ẹni tó ti pẹ́ nídìí gírámà, 5362 kò le. Ibi tó máa ń gbé èèyàn ṣubú ni ìbéèrè lórí òfin Amẹ́ríkà nípa ẹ̀tọ́ ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ka ìyẹn ju gírámà lọ.

England ò ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti 2020 ni wọ́n ti pa èyí tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lórí kíkà àti ìṣirò rẹ́. Ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè: ètò ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ, iṣẹ́ àwọn ọmọ, ìròyìn ẹni tó wá wò yín, èyí tó fi hàn pé ẹ bá ìlànà mẹ́jọ tí wọ́n là sílẹ̀ fún olùkọ́ mu. Ẹ máa kó wọn jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìparí á máa wá ìwé ọmọ tó ti kó lọ sílùú mìíràn.

6. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ṣètò àkókò

Àwọn kan máa ń fi ẹ̀kọ́ yìí pamọ́ fún ọ̀gá wọn, torí wọ́n rò pé á mọ̀ pé àwọn fẹ́ lọ. Kò ṣeé fi pamọ́. Amọ̀nà gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì yín, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, ẹ sì lè nílò fídíò ara yín níbi tí ẹ ti ń kọ́ni. Fídíò túmọ̀ sí pé àwọn òbí gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé àwọn gbà, ní èdè tí wọ́n lè kà. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ẹ tó pín ìwé náà fún àwọn òbí, kí ẹ sì ṣètò ìjókòó kí ọmọ tí òbí rẹ̀ ò gbà wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń gbà bí ẹ bá sọ fún wọn pé wọ́n máa lè kọ ọ́ sínú ìpolówó wọn pé olùkọ́ àwọn níwèé.

Aago ńkọ́? Kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́ ní Washington lásìkò òtútù jẹ́ aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ní Seoul, nígbà tí ẹ wà níwájú àwọn ọmọ. Amẹ́ríkà tún máa ń yí aago padà ní oṣù kẹta àti oṣù kọkànlá, Korea kì í yí i, nítorí náà wákàtí yín á sún láàárín sáà ẹ̀kọ́ kan náà. Ẹ béèrè irú àkókò tí wọ́n ní fún àwọn tó wà ní Éṣíà tàbí Yúróòpù kí ẹ tó yan ẹgbẹ́ tí ẹ máa wà.

Má sì ṣe kó ìdánrawò, ìdánwò àti títún físà ṣe sínú oṣù kan náà. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Kò yẹ kí èèyàn ṣe é.

7. Ẹ béèrè fún ìwé náà, kí ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀

Kí ẹ parí ẹ̀kọ́ kò túmọ̀ sí pé ìwé-àṣẹ ti dé. Ẹ̀yin lẹ máa kọ̀wé béèrè rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ yín á sì fi lẹ́tà jẹ́rìí sí yín lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ lo àdírẹ́sì ímeèlì tara yín, kì í ṣe ti ibi iṣẹ́ tí ẹ lè fi sílẹ̀. Nígbà tó bá jáde, ẹ lọ wo orúkọ yín lójú ewé tí ìpínlẹ̀ ń fi orúkọ olùkọ́ sí, torí ibẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ máa wò ṣáájú ìwé tí ẹ bá fi ránṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ìwé D.C. ní ìpínlẹ̀ mìíràn, àdéhùn kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ ti NASDTEC. Ó mú kí ọ̀nà rọrùn, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tuntun lè ní kí ẹ ṣe ìdánwò kan sí i tàbí kí ẹ ka ẹ̀kọ́ kan sí i.

QTS kì í parí, ẹni tó bá gbà á ti gbà á. Àmọ́ bí ẹ bá máa kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ ìjọba ní England, wọ́n ní àkókò ọdún méjì tí olùkọ́ tuntun fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìtọ́sọ́nà, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ Britain lókè òkun tí ìjọba England ti yẹ̀ wò lè ṣe é fún yín níbi tí ẹ wà, nítorí náà ó dára kí ẹ fi sí ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n nígbà tí ẹ bá ń wáṣẹ́.

Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń ní ọjọ́ tó ń parí. Wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó tún un ṣe, èyí tí ẹ ṣe lókè òkun sì lè wọlé bí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bá ní ọjọ́, iye wákàtí, àkọlé ẹ̀kọ́ àti orúkọ ẹni tó kọ́ni. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń ṣe irú ìpàdé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láì fún ẹnikẹ́ni níwèé. Ẹ kọ lẹ́tà kékeré kan fúnra yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ ní kí ọ̀gá bá yín fọwọ́ sí i kó tó gbàgbé pé ẹ wà níbẹ̀.